Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Sátẹ́láìtì Atọ́nà àti Àdéhùn Àwọn Tí Ó Ni Wọ́n



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá sánmà àti ilẹ̀, tí ó sì fi ìràwọ̀ ṣe sánmà lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéú wa, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́dún yìí dá lé orí àwọn sátẹ́láìtì atọ́nà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi orúkọ ọ̀kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, tí a ń wí pé GPS.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ìpìlẹ̀ mọ́sálásí kan lélẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì mú fóònù jáde láti wá gábàsì. Fóònù ẹni àkọ́kọ́ tọ́ka síhìn-ín, ti ẹnì kejì tọ́ka sọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì kéré. Ni baba àgbàlagbà kan bá béèrè pé, "Àbí àwọn sátẹ́láìtì òkè ọ̀hún ń bá ara wọn jà ni?" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìbéèrè baba náà jinlẹ̀ ju bí a ti gbà á lọ. Kì í ṣe sátẹ́láìtì ni ó fa àìdọ́gba fóònù méjèèjì yẹn, n ó sì sọ ohun tí ó fà á kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni sátẹ́láìtì wọ̀nyí ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ gan-an rí, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì fọkàn tán ara wọn títí di òní. Bí ó ti wá jẹ́ tí fóònù kan ṣoṣo fi ń gbọ́ ohùn gbogbo wọn pọ̀ láìsí ìdàrúdàpọ̀, òun gan-an ni kókó ẹ̀kọ́ yìí.

Fífi ohun tí ó wà lókè mọ ọ̀nà kì í ṣe ohun tuntun fún Mùsùlùmí. Nínú Sọ́ráátù Al-An'ām àti Sọ́ráátù An-Naḥl, Ọlọ́hun ka ìràwọ̀ mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ẹ̀dá, tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Àwọn Lárúbáwá tí ń la aṣálẹ̀ kọjá àti àwọn atukọ̀ ojú òkun wọn sọ àwọn ìràwọ̀ lórúkọ, àwọn òyìnbó sì gba púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó ń pe ọ̀kan ní Aldebaran, wọ́n ń pe òmíràn ní Altair. Ọmọ ilé-kéú tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ èdè Lárúbáwá nínú méjèèjì: ad-dabarān, èyí tí ń tẹ̀lé ẹlòmíràn lẹ́yìn, àti aṭ-ṭā'ir, èyí tí ń fò. Onímọ̀ ńlá nì, Al-Bīrūnī, parí ìwé kan ní ọdún 1025 ní ìlú Ghazna, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí, lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń wá ni bí àwọn ará Ghazna yóò ṣe mọ gábàsì wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ènìyàn kò lè ṣírò ìhà tí Mẹ́kà wà sí òun bí kò bá kọ́kọ́ mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. "Níbo ni mo wà?" Ìbéèrè yìí ni gbogbo sátẹ́láìtì atọ́nà ń dáhùn.

ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌPÈ ÌRUN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpè ìrun ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní mọ́sálásí mẹ́ta wà nínú ìlú kan, a mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àwọn ladani mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti fẹnu kò pé aago márùn-ún gééé ni àwọn yóò pe ìrun, kò ní yá, kò ní pẹ́. Ohùn máa ń rìn tó bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn ladani kìíní bá dé etí yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn aago márùn-ún, ẹ ti mọ̀ pé ẹ jìnnà sí mọ́sálásí rẹ̀ ní bí kìlómítà kan. Ṣùgbọ́n ìhà wo ni ẹ wà sí i? Ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ lè wà níbikíbi lórí òbìrìkítí kan tí ó yí mọ́sálásí náà ká. Ohùn ladani kejì yóò dín ibi tí ẹ lè wà kù sí ojú ibi méjì. Ohùn ladani kẹta yóò fi ojú ibi kan ṣoṣo hàn.

Bí aago ọwọ́ yín kò bá pé ńkọ́? Àwọn òbìrìkítí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní pàdé sójú kan náà, àìpàdé wọn gan-an ni yóò sì tú àṣírí aago yín fún yín, tí ẹ ó fi lè tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti sátẹ́láìtì. Àwọn ti Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ GPS, ń yí ilẹ̀ ayé po ní ibi tí ó ga tó 20,200 kìlómítà sí wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ìgbì rédíò kéde ohun méjì láìdákẹ́: ibi tí òun wà àti iye tí aago òun wí. Ìgbì rédíò máa ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìkéde náà ń dé ọ̀dọ̀ wa kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Fóònù yóò gbọ́ ọ, yóò wo bí ó ti pẹ́ tó lọ́nà, yóò sì ṣírò jíjìnnà rẹ̀. Nítorí pé gíga náà wà nínú ìṣirò, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan, sátẹ́láìtì mẹ́rin ni ó kéré jù tí fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́: mẹ́ta fún ibi tí ẹ wà, ọ̀kan láti tún aago fóònù ṣe.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń ṣọ́ àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì atọ́nà kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ òun, gẹ́gẹ́ bí ladani kò ti mọ iye etí tí ó gbọ́ ìpè rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ yín, fóònù yín ni ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ fún un, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ibi tí ìnira wà ni aago. Bí aago ladani kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà, 340 mítà ni yóò fi ṣì yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí aago sátẹ́láìtì bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, 300 mítà ni àṣìṣe tí yóò fà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gbé aago átọ́mù sínú wọn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé aago tí ó wà lókè yẹn máa ń yá ju ti ilẹ̀ lọ ní tòótọ́, ní bí ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ Einstein ti fi hàn. Bí wọn kò bá yọ iye yẹn kúrò, àṣìṣe kìlómítà 11 ni ì bá máa gùn ún lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ti ẹni tí ó ni sátẹ́láìtì kan nìyẹn. Ẹ wá wò ó bí àwọn tí ó ni wọ́n bá di mẹ́rin. Yàtọ̀ sí GPS, Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tí ń jẹ́ GLONASS, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yí gbogbo ayé ká. (Ìńdíà àti Jàpáánì náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n agbègbè wọn nìkan ni ó wà fún.) Aago GPS bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1980, kì í sì í ka ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n máa ń fi kún aago àgbáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. GLONASS ń tẹ̀lé aago àgbáyé, ó ń kà á. BeiDou bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006. Nítorí náà, láti ọdún 2017, ìyàtọ̀ GPS sí aago àgbáyé jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 18, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí BeiDou sì jẹ́ 14. Lójú wa, kí ni ìṣẹ́jú àáyá 18? Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, ìgbì rédíò ti rin kìlómítà tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni òṣùpá kò jìnnà sí wa ju bí 384,000 lọ. Fóònù tí ó bá da ohùn méjèèjì pọ̀ láìmọ ìyàtọ̀ wọn yóò sọ pé ẹ wà lẹ́yìn òṣùpá réré. Àwa tí a mọ ohun tí ojú ń rí bí ìlú méjì kò bá fẹnu kò lórí oṣù Ràmàdáánì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn wọn wúlò pọ̀, ó di dandan kí wọ́n máa sọ ìyàtọ̀ aago wọn fún ara wọn, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ibi tí àárín gbùngbùn ilẹ̀ ayé wà, nítorí láti ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wọn ọ̀nà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

ÌJÀ ÀTI ÀDÉHÙN

Iṣẹ́ ogun ni GPS àti GLONASS bá wáyé. Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ lọ sókè ní oṣù kejì ọdún 1978, Soviet sì gbé GLONASS àkọ́kọ́ lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Ìgbà náà, àwọn méjèèjì ni ọ̀tá tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ìjà wọn. Síbẹ̀, nínú ìgbà ọ̀tá yẹn kan náà, ní ọdún 1979, Amẹ́ríkà, Soviet, Kánádà àti Faransé ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa fi sátẹ́láìtì gbọ́ igbe ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú tí ó bá wà nínú ewu. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Cospas-Sarsat. Soviet gbé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ ní oṣù kẹfà ọdún 1982, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já lulẹ̀ nínú igbó Kánádà. Sátẹ́láìtì Soviet ni ó gbọ́ igbe rẹ̀. Wọ́n rí àwọn ènìyàn mẹ́ta inú rẹ̀ láàyè.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ibi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú Kòríà kan tí ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá sí ìlú Seoul ṣìnà lóru. Ẹ̀rọ tí ń darí rẹ̀ kò tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n là fún un, àwọn awakọ̀ kò sì fura. Ó wọ ojú òfuurufú Soviet, ọkọ̀ ogun kan sì yìnbọn lù ú. Gbogbo ènìyàn 269 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Bí awakọ̀ yẹn bá ti lè béèrè pé "Níbo ni mo wà?" kí ó sì rí èsì, kò ní gba ibẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé bí GPS bá parí, gbogbo ayé ni yóò máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1995. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún ará ayé kò pé bíi ti àwọn ológun wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ìkéde náà rú díẹ̀, tí ó fi lè ṣì tó 100 mítà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton tó ní kí wọ́n dáwọ́ ìdàrú yẹn dúró. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ronú: ẹni tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn lè tì í. Ní ti GLONASS, lẹ́yìn tí Soviet tú ká, owó kò sí mọ́, nígbà tí ó fi di ọdún 2001, àwọn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lókè kò tó mẹ́wàá. Ọdún 2011 ni ó tó padà pé 24.

Nítorí èyí ni Yúróòpù fi pinnu láti ṣe Galileo, tí kò ní wà lábẹ́ ọ̀gágun kankan. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ibi tí Yúróòpù kọ́kọ́ fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò bọ́ sórí ibi tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi ìkéde tuntun ti àwọn ológun rẹ̀ sí. Amẹ́ríkà ní bí ogun bá dé, òun kò ní lè dí ohùn Galileo mọ́ ọ̀tá létí láìdí ti ara òun náà. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi jiyàn. Nígbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ireland. Yúróòpù yẹ̀ fún Amẹ́ríkà ní ibi tí ìjà wà. Ní ìdàkejì, àwọn méjèèjì gbà láti ní ìkéde kan tí ó jọra fún ará ìlú, lórí ìgbì kan náà, 1575.42 megahertz, kí fóònù má baà nílò etí méjì. Wọ́n tún gbà pé Galileo àti GPS yóò máa kéde ìyàtọ̀ aago wọn. Lójú tèmi, kò sí ojú ewé kan nínú ìtàn yìí tí ó tó èyí. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tirẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó gba gbogbo ohun tí ó fẹ́.

Ti Ṣáínà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, ó bá Yúróòpù dòwò pọ̀ lórí Galileo, ó sì ṣèlérí 200 mílíọ̀nù owó euro. Nígbà tí ó yá, ó rí i pé wọn kò fi òun sí ibi tí wọ́n ti ń gbèrò nǹkan tí ó ṣe pàtàkì, ó sì yíjú sí BeiDou tirẹ̀. Ibi kan náà lórí ìgbì rédíò ni òun àti Yúróòpù ń fẹ́, àwọn náà sì jiyàn fún ọdún púpọ̀. Ṣáínà gbé sátẹ́láìtì tí ó parí BeiDou lọ ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìkéde tuntun rẹ̀ fún ará ìlú sì wà lórí 1575.42 yẹn kan náà lónìí, pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Ta ni ń pe àwọn wọ̀nyí jókòó? Láti inú ìpàdé ńlá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní Vienna ní ọdún 1999 ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ní ọdún 2005 wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí à ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní ICG. Àwọn tí ó ni sátẹ́láìtì ní ìjókòó tiwọn nínú rẹ̀ láti ọdún 2007. Ìgbìmọ̀ yìí kò ní ọlọ́pàá, kò sì lè fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń pè wọ́n pọ̀ láti ọdún dé ọdún, ní ìlú tí ó yàtọ̀ síra: wọ́n pàdé ní Beijing ní ọdún 2012, ní Dubai ní ọdún 2013, ní Sochi ti Rọ́ṣíà ní ọdún 2016, ní Abu Dhabi ní ọdún 2022. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ní kí ni èrè gbogbo jíjókòó yìí, kí ó wo oṣù kẹrin ọdún 2014. Gbogbo sátẹ́láìtì GLONASS lẹ́ẹ̀kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ibi tí wọn kò sí, fún nǹkan bí wákàtí 11. Ní oṣù keje ọdún 2019, Galileo dákẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìṣòro tí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí fóònù wọn ń gbọ́ Galileo kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe, nítorí fóònù náà ń gbọ́ àwọn yòókù lọ. Sátẹ́láìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún báyìí. Ẹni tí ó wà láàárín ilé gíga tàbí lábẹ́ òkè, tí kò lè rí ju apá kan sánmà lọ, yóò rí mẹ́rin nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà nìkan kò ní tó o.

NÍ Ọ̀DỌ̀ TIWA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn alágbára nìkan ni èyí. Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an. Lókè réré, ìpele kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí oòrùn ti fún ní agbára iná, ìgbì rédíò sì máa ń lọ́ra díẹ̀ bí ó bá ń là á kọjá. Ní agbègbè wa yìí, nítorí pé ìlà ìdajì ayé ti agbára mágnẹ́ẹ̀tì gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ìpele yẹn máa ń dàrú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Láti ìgbà ìrun mọ̀gàríbí títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ohùn sátẹ́láìtì lè máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀ ti ń ṣẹ́jú, pàápàá ní ọdún tí ara oòrùn kò bá balẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kò lè tún èyí ṣe fún wa. A nílò ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ohùn náà láti orí ilẹ̀ tiwa, àti àwọn ọmọ wa tí ó mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n gbọ́.

Láti ọdún 1998 ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ní àṣepọ̀ pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ òfuurufú jíjìn. Èkejì rẹ̀, tí ń fi èdè Faransé kọ́ni, wà ní Rabat, ní Mòrókò. Ìgbìmọ̀ ICG fi àwọn méjèèjì ṣe ojúkò ìròyìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ fi èyí sọ́kàn; Ifẹ̀ kò jìnnà.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti Lomé. Ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ ASECNA, tí ń bójú tó ojú òfuurufú fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Faransé, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú lè balẹ̀ láìséwu nínú kùrukùru, kódà ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nílẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí àwọn ẹ̀rọ tí ibi tí wọ́n wà ti dáni lójú máa gbọ́ sátẹ́láìtì atọ́nà, kí wọ́n ṣírò àṣìṣe rẹ̀, kí wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ọkọ̀ láti orí sátẹ́láìtì mìíràn. Nàìjíríà kò sí nínú ASECNA, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni ó ní sátẹ́láìtì tí wọ́n lò: NigComSat-1R, tí Ṣáínà bá wa ṣe, tí wọ́n sì gbé lọ sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú kan lò ó ní pápá ọkọ̀ Lomé láti dán an wò. Ẹ kà á wò: ohùn Amẹ́ríkà, ìmọ̀ Yúróòpù, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí Ṣáínà kàn, awakọ̀ tí ń sọ Faransé, ilẹ̀ Tógò.

N kò ní purọ́ fún yín pé ìjà ti tán. Ní ibi tí ogun wà, àwọn kan ń fi ariwo rédíò bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ń kéde irọ́ ní ohùn tí ó jọ tirẹ̀, tí ọkọ̀ òfuurufú tí ń kó èrò yóò fi máa rò pé òun wà níbi tí òun kò sí. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àjọ àgbáyé mẹ́ta tí ń ṣètò ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ìgbì rédíò fi jọ sọ̀rọ̀ síta ní oṣù kẹta ọdún 2025 pé ó ń kọ àwọn lóminú. Ohun tí ó pa ènìyàn 269 ní ọdún 1983 ni wọ́n tún fẹ́ padà sí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ baba wa tí ó béèrè ìbéèrè. Sátẹ́láìtì sọ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn wà fún fóònù wọn láìṣì. Kódà bí ó bá fi 100 mítà ṣì, ìyàtọ̀ tí yóò dé bá gábàsì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kan. Láti Ìbàdàn, gábàsì jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 64 bí a bá ti àríwá yí sí ìlà-oòrùn. Láti Ìlọrin, bí 65. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ ibi tí ènìyàn kọjú sí. Mágnẹ́ẹ̀tì kékeré tí ó wà nínú fóònù ni ó ń sọ ìyẹn, irin sì máa ń tàn án jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dúró ti òkìtì irin tí wọ́n kó jọ fún ìpìlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi fóònù wá gábàsì jìnnà sí irin, mọ́tò àti páànù.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ọ̀nà kan wà tí kò nílò mágnẹ́ẹ̀tì rárá. Ní ọjọ́ 27 tàbí 28 oṣù karùn-ún, bí aago Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ bá lu mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 ní àárọ̀, oòrùn máa ń wà lókè Káábà gan-an. Ó tún ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 15 tàbí 16 oṣù keje, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 27. (Ní Tógò, ẹ yọ wákàtí kan.) Ẹ ri ọ̀pá kan tí ó dúró ṣánṣán mọ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ dúró sí orí òjìji rẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí ìdí ọ̀pá: gábàsì nìyẹn. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn o, òjìji ni kí ẹ wò, kí ẹ sì rí i pé aago yín pé.